Ọwọ́ Ni Wọ́n Kà, Ènìyàn Ni Ọlọ́run Kà

Ìwàásù lórí Ìwé Wòlíì Jónà, orí 4, ẹsẹ 10 àti 11



Ìbéèrè ni ìwé wòlíì Jónà fi parí, kò sì sí ẹni tí ó dáhùn rẹ̀ nínú ìwé náà. Jónà jókòó lẹ́yìn odi Nínéfè, inú ń bí i nítorí ìtàkùn kan tí ó rọ. Olúwa sì bi í léèrè bí ó bá tọ́ kí òun Jónà káàánú ìtàkùn tí kò gbìn, tí ó hù ní òru kan tí ó sì kú ní òru kejì, kí Ọlọ́run sì má ṣe káàánú ìlú ńlá tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà, tí wọn kò mọ ọwọ́ ọ̀tún wọn yàtọ̀ sí ti òsì.

Ẹ kíyèsí ohun mẹ́ta nínú ìbéèrè yìí. Èkínní, Ọlọ́run mọ iye àwọn ènìyàn ìlú náà. Ìlú tí Jónà rí bí odi àti bí ẹ̀ṣẹ̀ nìkan, Ọlọ́run ti kà á ní orí-kò-jorí. Èkejì, kí Ó tó sọ̀rọ̀ ẹ̀bi wọn, àìlera wọn ni Ó kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀kẹta, ẹni tí a rán sí ìlú náà ni ó jókòó lẹ́yìn odi, tí ó ń wá ibòji fún orí ara rẹ̀.

Mo fẹ́ kí a mú ìbéèrè yìí lọ́wọ́, kí a fi wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí 1760 títí di 1860, nígbà tí abúlé di ìlú ilé iṣẹ́, tí ènìyàn sì kún ìlú bí eéṣú. Láti ilẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó mú Ìhìnrere wá fún àwọn baba wa ti wá. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọ̀nà oko sí ìgboro tí àwọn ọmọ wọn rìn nígbà náà ni àwọn ọmọ tiwa ń rìn lójoojúmọ́.

I. BÍ ABÚLÉ TI DI ÌLÚ ŃLÁ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, inú abúlé ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé. Ní agbègbè Lancashire, ọ̀pọ̀ ìdílé ní oko díẹ̀, wọ́n sì ní òfì nínú ilé. Ìyàwó àti àwọn ọmọ a máa ran òwú, baálé a sì máa hun ún. Màlúù kan tàbí méjì a máa jẹko lórí ilẹ̀ àjùmọ̀ní. Kì í ṣe ayé ọlọ́rọ̀. Bí ìkórè bá kùnà, ebi a máa pa wọ́n, iṣẹ́ àwọn ọmọdé kò sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n baba ilé ni ó ń sọ ìgbà tí a ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ìgbà tí a ó simi. Aládùúgbò mọ aládùúgbò, àlùfáà sì mọ orúkọ ẹni tí a ń lù agogo òkú fún.

Ohun mẹ́ta ni ó yí èyí padà. Èkínní ni ẹ̀rọ. Ní nǹkan bí 1764, James Hargreaves, ahunṣọ kan ní Lancashire, ṣe ẹ̀rọ tí ẹnì kan lè fi ran ọ̀pọ̀ òwú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 1769, Richard Arkwright gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ ìrànwú tí ó tóbi ju èyí tí a lè gbé sínú ilé àgbẹ̀ lọ, tí ó sì ń fẹ́ agbára omi. Nítorí náà ní 1771 ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé iṣẹ́ fún un ní Cromford, létí odò. Láti ìgbà náà ni òwú kò ti wá bá ènìyàn nílé mọ́. Ó di dandan kí ènìyàn dìde, kí ó tọ òwú lọ.

Èkejì ni èédú tí a ń wà nínú ilẹ̀. Ibi gbogbo kọ́ ni odò wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí James Watt tún ẹ̀rọ tí ooru omi gbígbóná ń yí ṣe, ilé iṣẹ́ lè dúró níbikíbi tí èédú bá lè dé. Ní 1761 ni a ti gbẹ́ odò àfọwọ́ṣe láti ibi ìwakùsà èédú ní Worsley dé Manchester, owó èédú sì já wálẹ̀ ní ìlú náà. Ní 1830, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti Liverpool tí í ṣe èbúté sí Manchester. Òwú ń wọlé, aṣọ ń jáde, àwọn ènìyàn sì ń tẹ̀lé e.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀. Láti 1604 títí di 1914, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó lé ní 5,200 láti pín ilẹ̀ àjùmọ̀ní àti pápá àjọlò, kí a sì fi ọgbà yí i ká fún àwọn tí a fi í fún. Ilẹ̀ tí ọ̀ràn náà kàn lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ilẹ̀ náà, láàrin 1750 sí 1850 ni a sì ṣe púpọ̀ jùlọ nínú àwọn òfin wọ̀nyí. Oko àwọn ọlọ́rọ̀ mú èso wá ju ti àtijọ́ lọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n opó tí kò ní ju màlúù kan lọ kò rí ibi tí yóò ti jẹko mọ́, igi ìdáná tí ó ń ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sì di ohun tí a lè torí rẹ̀ mú un bí olè. Òfì ilé ti dákẹ́, pápá ti ní ọgbà. Kí ni ó kù fún ọmọ tálákà bí kò ṣe kí ó di ẹrù rẹ̀?

Ní 1801, àwọn ará Manchester tó nǹkan bí 75,000. Ní 1851 wọ́n ti lé ní 300,000, èyíinì ni ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Nínéfè méjì àti ààbọ̀, láàrin àádọ́ta ọdún. Nínú ìkànìyàn ọdún 1851 kan náà ni a kọ́kọ́ rí i pé àwọn ará ìgboro ti pọ̀ ju àwọn ará oko lọ ní ilẹ̀ náà.

II. ỌWỌ́ TÍ A KÀ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a parọ́ mọ́ ìlú ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó lọ, owó ọ̀yà tí ó ju ti oko lọ ni ó fà wọ́n, wọ́n sì rí i gbà. Aṣọ òwú di ohun tí tálákà lè rà, tí ó lè fọ̀, tí ó sì lè pààrọ̀. Ọlọ́run tí ó fi ọgbọ́n iṣẹ́ ọnà sínú Bésálẹ́lì kò kórìíra ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí a wá ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ gbé wà, kí a má baà fi ìbáwí lé orí irin.

Ẹ gbọ́ orúkọ tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń pe àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Wọn kò pè wọ́n ní ènìyàn, wọn kò sì pè wọ́n ní ará ilé. "Ọwọ́" ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀gá kan a ní òun ní ọwọ́ 300, òmíràn a ní ọwọ́ 500. Ṣé ẹ rí i bí ó ti yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ Olúwa fún Jónà? Ọlọ́run wo àwọn tí kò mọ ọwọ́ ara wọn, Ó sì ka ènìyàn. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí wo ènìyàn, wọ́n sì ka ọwọ́. Níbẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà gbé bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kò ní ìyá tí yóò sunkún rẹ̀, ọwọ́ kì í ṣe àìsàn, ọwọ́ kò ní ọkàn tí a ó jíhìn rẹ̀ ní ọjọ́ ìdájọ́. Bí ọ̀kan bá gé, a ó wá òmíràn.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nínú ilé ìrànwú, ibi tí ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ̀ ni a ń rán ọmọdé sí. Wọ́n ń rá wọlé sábẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀, láti gbá èérún òwú. Àwọn mìíràn kò ì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Wákàtí 12 tàbí 13 ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́, nígbà mìíràn ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oorun bá mú wọn, pàṣán ni a fi ń jí wọn. Èyí tí ó yẹ kí ó dun àwa ọmọ Ìjọ jùlọ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ aláìlóbìí dé ilé iṣẹ́ nípa ọwọ́ àwọn aláṣẹ ìjọ ìbílẹ̀ fúnra wọn. Ìjọ ni òfin fi ìtọ́jú tálákà lé lọ́wọ́ nígbà náà. Kí owó ìtọ́jú má baà pọ̀, àwọn alábòójútó tálákà àti àwọn ìgbákejì àlùfáà nínú ìṣàkóso ìjọ fi ọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì kó àwọn ọmọ náà lọ fún àwọn olówó ìrànwú títí wọn yóò fi dàgbà.

Ibùgbé wọn ńkọ́? Ìdílé kan nínú yàrá kan, àwọn mìíràn nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn wọ̀. Ní 1832, àrùn onígbáméjì wọ ìlú wọn. Ní 1842, Edwin Chadwick tẹ ìròyìn kan jáde tí ó fi ọjọ́ orí tí àwọn ènìyàn ń kú sí wé ara wọn. Bí a bá ro ti gbogbo ìdílé àwọn alágbàṣe pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba, ní Rutland tí í ṣe ilẹ̀ oko, ọdún 38 ni. Ní Manchester, ọdún 17 péré ni. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí iye yìí. Kì í ṣe pé gbogbo àgbàlagbà ń kú ní ọmọ ọdún 17. Ikú àwọn ọmọ ọwọ́ ni ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fa iye náà wálẹ̀.

Àdúgbò kan wà ní Manchester tí a ń pè ní Angel Meadow, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Pápá Áńgẹ́lì. Ibi ilẹ̀ tútù tí ó ní koríko ni rí. Nígbà tí ìlú fẹ̀ dé ibẹ̀, ó di ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí òṣì pọ̀ jùlọ, ilẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjọ Mímọ́ Míkáẹ́lì níbẹ̀ sì di ibi ìsìnkú àwọn tálákà láti 1787 títí di 1816.

Àwa Yorùbá ní ènìyàn ni aṣọ. Ìlú tí ń fi aṣọ wọ ayé ni Manchester, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì wà ní ìhòòhò, nítorí pé ènìyàn tí í ṣe aṣọ wọn ti já kúrò lára wọn.

III. ÀWỌN TÍ Ó JÓKÒÓ ÀTI ÀWỌN TÍ Ó DÌDE

Kí ni Ìjọ ń ṣe nígbà náà? Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn odi ni púpọ̀ nínú rẹ̀ jókòó. Ìjọ ìbílẹ̀ Manchester jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí ó fẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Joshua Brookes, tí ó jẹ́ àlùfáà ibẹ̀ láti 1790 títí di 1821, a máa so ọ̀pọ̀ tọkọtaya pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé àyè kò sí láti ṣe é fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó ń pàgọ́ àdúrà káàkiri kò dé àdúgbò tuntun ní àkókò. Ọmọ abúlé tí ó ń jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nílé dé ìlú, kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀, òun náà kò sì béèrè Ìjọ mọ́. Nígbà tí a ka àwọn olùjọsìn ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 1851, ìlú ilé iṣẹ́ ni ìjọsìn gbé ṣọ̀wọ́n jùlọ.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi ara Rẹ̀ sílẹ̀ láìní ẹlẹ́rìí. Láti 1780, ní Gloucester, Robert Raikes ti ń kó àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ jọ fún ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọn kò lọ sí iṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ má ṣe fojú kékeré wo iṣẹ́ yín. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí a kà sí ọwọ́ gbé kọ́kọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀.

Ní 1830, Richard Oastler, ọmọ Ìjọ, kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn Leeds. Ó béèrè bí ó ti ṣe jẹ́ tí àwọn ará Yorkshire ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹrú òkèèrè, tí wọ́n sì ń wo àwọn ọmọdé tí a ń lò bí ẹrú lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹni tí ó dúró tì í gbọn-in ni George Stringer Bull, àlùfáà Bierley lẹ́bàá Bradford. Nígbà èwe rẹ̀ olùkọ́ ni Bull jẹ́ lábẹ́ Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Sàró, ilẹ̀ kan náà tí a sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí ní 1822 lẹ́yìn tí a gbà á lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Bull ti fi ojú rí ohun tí ó jẹ́ pé a ta ènìyàn. Nígbà tí ó padà délé, ojú rẹ̀ kò fọ́ sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ tirẹ̀. Ó lọ láti ìpàdé dé ìpàdé, bí àwọn olówó tilẹ̀ bínú sí i. Lord Ashley, tí a mọ̀ sí Shaftesbury lẹ́yìn náà, gbé ọ̀ràn náà dúró nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Òfin ọdún 1833 ka iṣẹ́ léèwọ̀ fún ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́sàn-án nínú ọ̀pọ̀ ilé ìrànwú, ó sì yan alábẹ̀wò mẹ́rin láti rí i pé a pa á mọ́. Òfin ọdún 1847 fi wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́ ṣe òpin iṣẹ́ àwọn obìnrin àti àwọn èwe.

Ní Leeds, Walter Farquhar Hook di Fíkà ní 1837. Ó rí i pé kò sí bí àlùfáà kan ti lè mọ agbo tí ó tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ní 1844 ó mú kí a fi òfin pín ìjọ ńlá rẹ̀ sí púpọ̀, ó sì fi apá kan nínú owó tí ń wọlé fún un sílẹ̀ kí èyí lè ṣeé ṣe. Ó dín ọlá ara rẹ̀ kù kí ó lè jẹ́ pé ẹnì kan yóò wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí ó mọ àgùntàn ní orúkọ. Irú ìtàkùn yìí ni Jónà kò fẹ́ kí ó rọ.

IV. ÒWÚ TÍ Ó SO WÁ PỌ̀

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé ọ̀ràn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni èyí. Rárá o. Aṣọ Manchester wà nínú ẹrù tí a fi ń ra ènìyàn ní etíkun wa. Títí di 1860, púpọ̀ jùlọ nínú òwú tí Lancashire ń ran, àwọn ẹrú ní gúúsù Amẹ́ríkà ni ó gbìn ín, àwọn tí a jí àwọn baba ńlá wọn kó ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọwọ́ ẹrú ń já òwú, ọwọ́ ọmọdé ń ran án; ẹni tí ó ra aṣọ kò rí èyíkéyìí nínú wọn. Lẹ́yìn 1850, Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, bá Henry Venn, akọ̀wé C.M.S., pawọ́ pọ̀ láti máa ra òwú Abẹ́òkúta, kí òwò títọ́ lè lé òwò ẹrú jáde.

Ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1861, òwú kò wá mọ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Lancashire sì ti ilẹ̀kùn, ebi sì dé. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní sùúrù. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1862, àwọn òṣìṣẹ́ pé jọ ní Manchester, wọ́n sì kọ̀wé sí Ààrẹ Abraham Lincoln pé àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀ràn dídá àwọn ẹrú sílẹ̀. Lincoln dáhùn ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ó sì yìn wọ́n fún ìgboyà tí ó yẹ Kristẹni. Ẹ̀yin ará mi, àwọn wọ̀nyí ni a pè ní ọwọ́! Ebi ń pa wọ́n, wọ́n sì rántí ẹni tí wọn kò rí rí, tí ó ń ṣe làálàá nínú oko òwú. Ẹni tí ayé kò kà sí ènìyàn ni ó ka ẹlòmíràn sí ènìyàn.

V. ÌBÉÈRÈ TÍ Ó KÙ FÚN WA

Lónìí ọ̀pọ̀ nínú ilé ìrànwú Manchester ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà láti oko sí ìgboro kò tíì dá. Ẹ wo Èkó, ẹ wo Ọ̀tà àti Agbára pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ wọn. Ẹ wo abúlé tiwa, níbi tí arúgbó mẹ́ta ń kọ orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí a kọ́ fún igba ènìyàn. Ìbínú sí ìlú kò wúlò. Jónà ti ṣe é ṣáájú wa. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun mẹ́ta.

Èkínní, kí ìjọ oko má ṣe jẹ́ kí ọmọ kan lọ láìní ìwé. Nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá ń lọ sí ìlú ńlá, kí àlùfáà tàbí olùkọ́ kọ orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò tí ó ń lọ ránṣẹ́ sí ìjọ tí ó súnmọ́ ibẹ̀. Àwọn Àpọ́sítélì ṣe bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀lù fi Fébè lé àwọn ará Róòmù lọ́wọ́ nínú ìwé.

Èkejì, kí ìjọ ìgboro má ṣe fi iye tí ó wá sí ìsìn yangàn. Ẹ béèrè orúkọ àlejò tí ó jókòó lẹ́yìn, ẹ béèrè ilé tí ó ń gbé, kí ẹ sì lọ síbẹ̀ kí ó tó ṣàìsàn.

Ẹ̀kẹta, èyí sì ni ó le jùlọ. Àwọn kan wà láàrin wa, tí wọ́n ń gba Oúnjẹ Mímọ́, tí wọ́n mú ọmọ tálákà wá láti abúlé pẹ̀lú ìlérí pé wọn yóò fi í sí ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ náà ń jí kí àkùkọ tó kọ, òun ni ó ń sùn gbẹ̀yìn, ọmọ onílé ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, òun ń kiri ọjà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ni ẹ rán, iṣẹ́ wo sì ni? Kò sí ẹ̀rọ nínú ilé yín, kò sí èéfín èédú lórí òrùlé yín, síbẹ̀ ẹ ti ka ọwọ́ dípò ènìyàn. Àwọn aláṣẹ ìjọ ìgbà náà fi ọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì rò pé tálákà ni àwọn ń tọ́jú. Kí ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí: kí ọmọ náà wọ ilé ẹ̀kọ́, tàbí kí ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọlọ́run kò dúró kí Jónà dáhùn. Ìbéèrè náà rékọjá rẹ̀, ó dé Manchester, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí Olúwa wa Jésù Kristi, Ẹni tí ó sunkún nígbà tí ó rí ìlú Jerúsálẹ́mù, Ẹni tí a kan ọwọ́ Rẹ̀ mọ́ igi kí a lè kọ orúkọ wa sínú ìwé ìyè, fún wa ní ojú láti rí ènìyàn níbi tí ayé gbé rí ọwọ́. Fún Òun pẹ̀lú Baba àti Ẹ̀mí Mímọ́ ni ọlá àti ògo wà, nísinsìnyí àti títí láé. Àmín.